Bẹ́líìtì akẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ àtúnlò ìdọ̀tí: ohun tó dà sílẹ̀ ló ń pe ọwọ́ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ

Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí kí wọ́n lè tún un lò, èèyàn kọ́ ló ń fi orí ru páálí, ọ̀rá, ike, agolo àti ìgò kiri inú ilé. Bẹ́líìtì ńlá kan ló ń gbé wọn. Rọ́bà gbọọrọ ni, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì ń yí lórí àgbá irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn róólà kéékèèké ló gbé e ró láàárín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń pè é ní tapis roulant tàbí convoyeur. Bẹ́líìtì akẹ́rù la ó máa pè é níhìn-ín.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo rí, ó mọ irú ewu tó wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọlọ yẹn, kò sí ìyá tí ò ní lé ọmọ sẹ́yìn kúrò nídìí rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ìdọ̀tí fẹ̀ jù ú lọ, ó sì gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra lọ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi bẹ̀rù rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ibi tí ewu wà gan-an

Orí bẹ́líìtì kọ́ ni ewu tó le jù wà. Ẹnu àgbá ni, ìyẹn ibi tí bẹ́líìtì àti àgbá ti ń pàdé, tí bẹ́líìtì ń wọlé sára àgbá. Ohunkóhun tó bá kàn án níbẹ̀, á fà á wọlé: ìbọ̀wọ́, apá ẹ̀wù, etí ìborùn, igi ìgbálẹ̀, ọwọ́. Àgbá ẹ̀yìn ló burú jù, torí ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, níbi tí ìdọ̀tí ń kó jọ sí. Róólà náà léwu níbi tí nǹkan bá ti tẹ bẹ́líìtì mọ́ ọn, tí bẹ́líìtì ò lè gbéra sókè. Ẹ má gbàgbé ṣéènì àti bẹ́líìtì kékeré tó ń yí àgbá iwájú.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Bó bá mú mi, mo máa fa ọwọ́ yọ kíá.” Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bẹ́líìtì ń lọ ní mítà 1.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní ó gbà yín ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ti mú yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kí ẹ tó fà á, bẹ́líìtì ti lọ ní sẹ̀ǹtímítà 75. Apá odindi nìyẹn. Òótọ́ ni pé bẹ́líìtì tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ṣa nǹkan máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lè fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ẹrù ò ní dúró nítorí apá èèyàn kan.

Kí ló gbé ọwọ́ débẹ̀?

Kò sẹ́ni tó máa dédé ki ọwọ́ bọ ẹnu àgbá. Ohun tó dà sílẹ̀ ló ń pè é lọ. Ọ̀rá omi kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Ó bọ́ sórí apá ìsàlẹ̀, èyí tó ń padà sẹ́yìn lófo. Ìyẹn gbé e dé ìdí àgbá ẹ̀yìn. Òmíràn tẹ̀lé e, ìgò fọ́ sí i, iyẹ̀pẹ̀ tutù dà sí i. Kó tó di ọ̀sán, òkìtì ti wà lábẹ́ àgbá, bẹ́líìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gá ò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Òṣìṣẹ́ bá mú ìgbálẹ̀, ó tẹ̀ba, ó ń gbá a nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń yí. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹwàá, kò sí nǹkan. Àwọ̀n irin tí wọ́n fi bo àgbá kò jẹ́ kí ìgbálẹ̀ wọlé dáadáa, wọ́n bá tú u, wọ́n fi ti ara ògiri. Látọjọ́ náà, kò sí ohun tó wà láàárín ọwọ́ àti ẹnu àgbá mọ́.

Okùn, wáyà àti ọ̀rá gígùn tún wà. Wọ́n máa ń wé mọ́ irin àárín àgbá bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó fẹ́ gé e á mú ọ̀bẹ lọ síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń yí, ewu ibẹ̀ kan náà ni.

Nítorí náà, ìdànù àti ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ilé-iṣẹ́ tó ra àwọ̀n irin, tí kò wá nǹkan ṣe sí ohun tó ń dà sílẹ̀, àwọ̀n náà ò ní pẹ́ lára ẹ̀rọ.

Ààbò: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè

Òwe yìí kó gbogbo ọgbọ́n ààbò ẹ̀rọ sínú. Ọ̀nà méjì péré ló wà tí ọwọ́ ò fi ní débi ewu: kí ibẹ̀ jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé, tàbí kí ẹnu rẹ̀ há ju ibi tí ọwọ́ lè gbà wọlé.

Ní ti jíjìnnà, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 13857 sọ pé níbi tí ewu bá ti pọ̀, ohun tó wà lókè ní mítà 2.7 sílẹ̀ ni a lè fi sílẹ̀ láìbò. Èyí tó bá sún mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ààbò.

Ní ti híhá, ìlànà kan náà ṣírò bí ìka àti apá ṣe lè wọ ojú àwọ̀n tó. Fún àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin:

- Bí ojú rẹ̀ ò bá ju mílímítà 10 lọ, àwọ̀n lè súnmọ́ ẹnu àgbá tó mílímítà 25.
- Bí ó bá fẹ̀ tó mílímítà 40, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní mílímítà 200, torí gbogbo ìka ló lè wọlé.
- Bí ó bá ju 40 lọ, títí dé 120, mílímítà 850 ni, torí apá odindi lè wọ ibẹ̀.

Àwọ̀n tó dára, bóòtù ni wọ́n fi ń dè é, kí ó má ṣeé ṣí láìsí sípánà. Ó yẹ kí èèyàn lè rí inú rẹ̀, kó má baà di pé wọ́n ń tú u kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀rọ ní gíríìsì, kí wọ́n fi ọpọ́n tín-ín-rín fà á síta. Ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi àyè tóóró sílẹ̀, tí ìdọ̀tí á máa gbà jáde, tí ọwọ́ ò sì ní lè gba ibẹ̀ dé àgbá. Àwọ̀n tó ń dí ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ẹni náà ló máa kọ́kọ́ tú u.

Bí a ṣe ń dènà ìdànù

Ẹ wo ibi tí òkìtì wà nílẹ̀. Òun ló máa sọ ibi tí àìsàn wà.

*Òkìtì wà níbi tí ẹrù ti ń bọ́ sórí bẹ́líìtì.* Ẹrù ń já bọ́ láti òkè jù, tàbí ó ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n dín gíga rẹ̀ kù, kí wọ́n sì tọ́ ọ kó bọ́ sí àárín, kó máa lọ síbi tí bẹ́líìtì ń lọ. Kí wọ́n fi rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbẹ̀. Bavette ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà náà kàn máa fara kan bẹ́líìtì ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, á jẹ ẹ́.

*Òkìtì tò gbọọrọ lábẹ́ bẹ́líìtì.* Ìyẹn ni ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ojú bẹ́líìtì, tí kò bọ́ níbi tó yẹ kó bọ́, tó ń bá a padà, tó sì ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ń ha ojú bẹ́líìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní racleur, ló ń tọ́jú ìyẹn. Iwájú àgbá àkọ́kọ́ ni ipò rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tán, kò ṣe nǹkan kan mọ́.

*Òkìtì wà ní ìdí àgbá ẹ̀yìn.* Kí wọ́n fi irin tó ní igun bíi orí ọfà sórí apá ìsàlẹ̀, kó tó dé àgbá, kó máa ti ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

*Òkìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo.* Bẹ́líìtì ti ń yẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé róólà kan ò tọ́, tàbí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ róólà tí bẹ́líìtì bá kọ́kọ́ kàn ló máa ń yẹ̀ sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló yẹ kó tún un ṣe.

*Òkìtì wà níbi gbogbo.* Ẹrù ti pọ̀ jù. Kí wọ́n dín in kù.

Ẹ ti iná pa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Bó ti wù kí ètò dára tó, ọjọ́ kan á wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ìdí àgbá. Consignation ni orúkọ iṣẹ́ tó ń dáàbò bò ó lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á dá bẹ́líìtì dúró; wọ́n á já kúráǹ rẹ̀ níbi tó ti ń wá; ẹni tó fẹ́ wọlé á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, á sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń wọlé, àgádágodo mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wò bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì tó ga sókè lè yí padà nítorí ẹrù tó wà lórí rẹ̀, kódà láìsí kúráǹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá òun náà dúró.

Okùn pupa tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì pupa tí wọ́n kọ arrêt d'urgence sí, ti ìjàm̀bá ni wọ́n. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n wọn kì í rọ́pò àgádágodo, torí ẹlòmíràn lè tún ẹ̀rọ tàn nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀.

Ìdànù tún ń fa iná

Róólà tí kò yí mọ́ máa ń gbóná bí bẹ́líìtì ṣe ń fa ara lé e. Páálí àti ọ̀rá tó kó jọ sábẹ́ rẹ̀ lè gbiná. Bátìrì fóònù tó wà láàárín ìdọ̀tí pẹ̀lú lè gbiná bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ fọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: kí ilẹ̀ abẹ́ bẹ́líìtì mọ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lálẹ́.

Ohun tí òfin sọ

Àdéhùn 119 ti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1963, sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ tí ààbò rẹ̀ ò sí ní ipò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un lò ó. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin iṣẹ́ 98-004 ti oṣù kìíní ọdún 1998 gbé ètò ààbò òṣìṣẹ́ lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn. Ní Benin àti Togo, CNSS ló ń bójú tó owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kọ orúkọ yín síbẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́

- Ṣé àwọ̀n wà lára àgbá iwájú àti ti ẹ̀yìn?
- Níbo ni okùn pupa wà? Ṣé wọ́n ti fà á wò lọ́sẹ̀ yìí?
- Ta ló ń gbá abẹ́ bẹ́líìtì, ṣé ẹ̀rọ máa ń dúró nígbà náà?
- Níbo ni àgádágodo tèmi wà?

Ẹ má wọ ìborùn, ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí ẹ̀wù alápá gbàgìẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ di irun yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbá ìdí àgbá nígbà tó ń yí, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ̀rọ fi dúró, wọ́n lè fi iṣẹ́ dí i. Ọwọ́ tó bá lọ kì í padà.