Ohun Tí Iyùn Ń Fà Nínú Omi: Ìtàn Bí Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Wọn Álíkálì

Bí a bá dárúkọ iyùn nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba àti ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ̀dá abẹ̀mí kan ló mọ iyùn náà sábẹ́ òkun, gẹ́gẹ́ bí ìgbín ṣe ń mọ karawun rẹ̀. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù gbé wá sí etíkun wa láyé àtijọ́ ti wá. Àwọn ìbátan rẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń gbé inú òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, a máa kọ́ òkìtì òkúta tó tóbi ju ìlú lọ. Ìtàn àwọn tó gbìyànjú láti sin iyùn nínú àpótí onígíláàsì, nínú ilé tiwọn, ni mo fẹ́ sọ. Èrò mi ni pé kì í ṣe owó tàbí ẹ̀rọ ńlá ló jẹ́ kí wọ́n ṣàṣeyọrí níkẹyìn. Wọ́n kọ́ láti wọn ohun kan tí ojú kò rí, wọ́n sì kọ́ láti dá a padà sínú omi bí iyùn ṣe ń lò ó. Ohun náà ni álíkálì.

Kí ni álíkálì? Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, eérú ló sì tọ́ka sí. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí omi eérú ni wọ́n fi ń sè é. Káún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ álíkálì ni láti pa agbára ásíìdì. Nínú omi òkun, báíkáábọ́nẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú àwọn èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Iyùn a máa fà á nínú omi, a pò ó mọ́ kálíṣíọ́ọ̀mù, a sì fi méjèèjì ṣe òkúta tí yóò fi kọ́lé. Irú òkúta kan náà ni òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹ̀dá inú òkun ayé ijọ́un ló fi í sílẹ̀.

Òkun gbòòrò, ohun tí iyùn bá fà nínú rẹ̀ lónìí kò hàn lọ́la. Ṣùgbọ́n àpótí tó gba lítà omi 200 dà bí àmù tí a ń bù tí ẹnikẹ́ni kò pọn kún. Bí iyùn ṣe ń dàgbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni álíkálì ń dín kù. Omi náà lè mọ́ gaara lójú, kí ẹja sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ iyùn yóò dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró, ẹran ara rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára òkúta. Ohun tó mú kí ìtàn yìí pẹ́ kí ó tó yanjú nìyẹn: àìsàn tí kò ní àmì lára omi ṣòro láti wò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sin iyùn sínú ilé ni Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846, ó rí àwọn iyùn kéékèèké ní Torquay, ìlú kan létí òkun ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn òkun kí wọ́n má baà máa forí gbára lójú ọ̀nà, ó sì gbé wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí omi òkun tuntun ṣọ̀wọ́n, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1859. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé omi náà sókè sódò. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò lè dá álíkálì padà. Iyùn omi tútù tí kì í tètè dàgbà ni tirẹ̀, ohun tó ń fà nínú omi kò sì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ ńlá kejì ti ojú òkun wá. Ọkọ̀ ojú omi Challenger ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri àwọn òkun ayé láti 1872 sí 1876. Wilhelm Dittmar, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, yẹ irú omi 77 tí wọ́n bù bọ̀ wò. Èsì rẹ̀ jáde ní 1884: bí omi ibì kan tilẹ̀ níyọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ìdá tí èròjà pàtàkì kọ̀ọ̀kan kó nínú iyọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Irú ìmọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹni tó jìnnà sí òkun lè po omi òkun tirẹ̀ nínú ilé. Síbẹ̀, bí omi ṣe yẹ kó rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Dittmar sọ fún wa. Kò sọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn tí iyùn bá ti fi oṣù mẹ́ta jẹun nínú rẹ̀.

Ní 1961, Lee Chin Eng, tó ń gbé ní Jakarta ní Indonéṣíà, kọ̀wé nípa ọ̀nà tirẹ̀. Ó gbé òkúta abẹ́ òkun pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dá kéékèèké ara rẹ̀ sínú àpótí, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa hó nínú omi. Iyùn yè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú etíkun ni Jakarta. Ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn Yúróòpù kò ní òkun tí yóò sá lọ bù.

Láti Yúróòpù náà ni ìdáhùn ti wá. Ní àwọn ọdún 1970, Peter Wilkens bẹ̀rẹ̀ sí í polongo omi láìmù, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Kalkwasser. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní kíláàsì kẹ́mísírì: omi tí a ń fẹ́ èémí sí tí yóò sì funfun bí omi ògì. Wọ́n ń fi í dípò omi tó bá fẹ́ lọ nínú àpótí. Bó ṣe ń kán wọlé, ó ń gbé kálíṣíọ́ọ̀mù àti álíkálì wá papọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí bí a bá dà á lù ú lẹ́ẹ̀kan, yóò jó ẹ̀dá inú omi. Ní àwọn ọdún 1990, Hans-Werner Balling, ọmọ Jámánì, ṣètò ọ̀nà mìíràn: kálíṣíọ́ọ̀mù nínú ìgò tirẹ̀, báíkáábọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ìgò tirẹ̀. Bí a bá po méjèèjì sínú ìgò kan, wọn yóò di ẹfun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ iyùn.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò títí di òní, díkírì Jámánì, kò ti inú òkun wá rárá. Omi odò àti omi kànga ni wọ́n ṣe é fún, omi líle tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Àwa tó ń múra ìdánwò WAEC mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí títíréṣọ̀n ni: a ó kán ásíìdì sínú omi títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Omi òkun gidi tó bíi díkírì 7. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin iyùn a máa fi tiwọn sí àárín 7 sí 11.

Ìṣirò kan wà níhìn-ín tó wú mi lórí. Fún díkírì 2.8 tí iyùn bá fà, mílígíráàmù 20 kálíṣíọ́ọ̀mù ló ń bá a lọ nínú lítà omi kan. Omi òkun ní bíi mílígíráàmù 420. Bí iyùn bá lo gbogbo díkírì 7 tán, mílígíráàmù 50 péré ni yóò kúrò nínú 420 náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé álíkálì ló máa ń kọ́kọ́ tán, tí kálíṣíọ́ọ̀mù sì ṣì kù jọjọ. Bí àpótí lítà 200 bá ń pàdánù díkírì 1 lójúmọ́, gíráàmù 6 báíkáábọ́nẹ́ẹ̀tì, irú sódà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, ló máa dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ bu gbogbo rẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Yíyo sókè yíyo sílẹ̀ a máa pa iyùn ju kí iye náà kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú níí le koko bí ojú ẹja.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ó tọ́ kí a yọ iyùn kúrò nínú òkun nítorí fàájì? Ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀pọ̀ iyùn ló kú nínú àpótí kí ìmọ̀ yìí tó dé, àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní CITES sì ti fi òté lé òwò iyùn olókùúta láàárín orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ álíkálì í tọ́jú lè ṣẹ́ ẹ̀ka iyùn tirẹ̀, kó gbìn ín bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, kó sì pín in fún ẹlòmíràn láìfọwọ́ kan òkun.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àpótí wá di ẹlẹ́rìí fún òkun. Ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, ilé gíláàsì ràgàjì kan wà tó ń jẹ́ Biosphere 2, tí wọ́n ṣe òkun kékeré oníyùn sí nínú. Chris Langdon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí kẹ́mísírì omi náà padà, wọ́n sì ń wọn bí iyùn ṣe ń kọ́lé. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé bí káábọ́nẹ́ẹ̀tì omi bá dín kù, ilé kíkọ́ iyùn náà a dín kù. Kí ayé ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé, káábọ̀n dàióksáìdì inú afẹ́fẹ́ jẹ́ bíi 280 nínú mílíọ̀nù kan; nísinsìnyí ó ti ju 420 lọ. Òkun ń gbé nínú rẹ̀ mì, ó ń di ásíìdì inú omi, ásíìdì náà sì ń jẹ káábọ́nẹ́ẹ̀tì tí iyùn nílò. Àpótí lítà 200 ní olówó tó lè bu gíráàmù 6 sí i láràárọ̀. Kò sí ṣíbí tí a lè fi bu tirẹ̀ sí òkun.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tó gba iyùn là kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Àwọn tó ń kọ iye sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni, tí wọ́n rí i pé ó ti 8 bọ́ sí 7.5, tí wọ́n sì béèrè ìdí kí ó tó di 5. Àkọsílẹ̀ irú èyí ti wà fún òkun báyìí. Ọwọ́ àwa tó ń dáná, tó ń wakọ̀, tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ni ohun tí a óò fi ṣe kù sí.