Ìwé Ìròhìn Abẹ́òkúta, 1859 sí 1867

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn kan jáde ní Abẹ́òkúta. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìlú àgbẹ̀ àti jagunjagun ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká tẹ̀ dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830.

Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ló dá a sílẹ̀. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta láti ọdún 1854, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a tò wọ́n ní òdìkejì, wọn a fi tàdáwà pa wọ́n, kí wọ́n tó tẹ bébà mọ́ ọn. Ohun tí Townsend ń fẹ́ ni kí kíkàwé mọ́ àwọn èèyàn lára, kí wọ́n máa ti inú ìwé mọ ohun tó ń lọ. Samuel Àjàyí Crowther ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un, nítorí láti ọdún 1843 ló ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé náà ń jáde, owó ẹyọ 120 sì ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún 1860, wọ́n fi ojú ewé èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ìròyìn ìjọ ló kọ́kọ́ kún inú rẹ̀: ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó joyè àlùfáà, àlejò tó dé, ẹni tó kú. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìlú wọlé: iye tí wọ́n ń ra òwú, òwò ẹrú, ogun Ìjàyè tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860. Ọ̀rọ̀ òwú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà náà, torí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti mú kí òwú wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ojú ìjọ ni ìwé náà fi ń wo ìlú, ẹni tó bá ń kà á lónìí gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lórí ààlà ilẹ̀ àti owó bodè ló fòpin sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, inú bí àwọn ará ìlú. Wọ́n ya wọ ilé àwọn òyìnbó àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú, Ìwé Ìròhìn sì dákẹ́.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kò kú. Ìwé Ìròhìn Èkó jáde lọ́dún 1888. Lọ́dún 1924, D. A. Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ń tẹ ewì sínú rẹ̀ mọ́ ìròyìn. Ní Èkó, Akéde Èkó ti I. B. Thomas tẹ̀ lé e lọ́dún 1928.

Ìwé ìtàn ńláńlá a máa dárúkọ ọba àti balógun. Ìwé ìròyìn ìlú ló ń dárúkọ ọmọ tí wọ́n rì bọmi, ló sì ń sọ iye tí àgbẹ̀ rí lórí òwú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìṣẹ̀dálẹ̀ ìdílé rẹ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ìwé ìròyìn àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ tán. Ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀.