Ilé Kékeré Tí À Ń Tú Ká

Bí ẹnìkan ní Bódìjà tàbí ní Challenge nílùú Ìbàdàn bá sọ pé òun ń fi páálí kọ́ ilé kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, tí fèrèsé rẹ̀ ń pa dé, kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè máa fi ṣeré ogun lórí tábìlì, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ ni pé eré òyìnbó ló ń ṣe. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ilé kékeré ti pẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Ohun tó mú ká rò pé kò sí láàárín wa rí ni pé, nígbà tí ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é bá ti parí, a máa ń tú u ká. Ọjọ́ tí a bá sì tú u ká ni ẹ̀rí rẹ̀ ń parẹ́, tí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wa á fi máa rò pé ọwọ́ àwọn bàbá ńlá wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo ilé orí. Samuel Johnson, àlùfáà tó ti gbé Ìbàdàn láti kékeré, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Owó ẹyọ 41 tí wọ́n sín pọ̀ bí adé ló dúró fún orí tí wọ́n ń bọ. Inú àpótí kan tí owó ẹyọ bò látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, àpótí yìí ni ilé orí, ó sì ní ọmọrí tó ṣeé ṣí. Bí agbára ẹni tó ni ín bá ṣe tó ni ilé orí rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Òmíràn a máa gbà tó ẹgbàá mẹ́fà owó ẹyọ, ìyẹn 12,000. Oníṣẹ́-awọ ló sábà máa ń ṣe é, owó iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa tó iye ẹyọ tó lò sí i lára. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Àwùjọ tó gbà pé owó ọwọ́ oníṣẹ́ yẹ kó bá iye ohun èlò dọ́gba kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Oníṣẹ́ náà ní láti gé awọ kó lè dúró fúnra rẹ̀, kó rán an kí ọmọrí lè wọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì to ẹyọ yí ibi tó tẹ̀ kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ìlà kan wọ́. Ṣùgbọ́n bí olúwa rẹ̀ bá kú, wọn a fọ́ ilé orí náà, wọn a sì ná owó ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó kù lónìí wà ní ilé-àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun.

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìbọ nìyẹn, pé kò kan eré. Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò fi ilé orí ṣeré. Àmọ́ eré orí tábìlì tí à ń sọ yìí pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ní 1812, Georg Leopold von Reisswitz gbé tábìlì kan lọ fún ọba Prussia. Àwọn ègé tí wọ́n fi ṣe òkè, odò àti abúlé wà lórí rẹ̀, tí èèyàn lè tò bó bá ṣe fẹ́, kí àwọn ọ̀gágun lè máa fi kọ́ ọgbọ́n ogun. Ọmọ rẹ̀ tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Ó di 1913 kí H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ìwé Little Wars, tó fi sọ ọ́ di eré inú ilé. Dungeons & Dragons, tí òun náà jẹ́ eré orí tábìlì, dé ní 1974, eré Warhammer sì dé ní 1983. Ohun tí wọ́n sọ di eré yìí, ẹ̀kọ́ ìpànìyàn ni tẹ́lẹ̀. Bí àwọn òyìnbó bá lè ka tábìlì ọba mọ́ ìtàn eré wọn, kò sí ìdí tí a kò fi ní ka ilé orí mọ́ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ tiwa.

Ẹlòmíràn á ní ọmọrí nìkan kò tó, pé ilé kékeré tí à ń wí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìdáhùn èyí wà ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa gbẹ́ ère kéékèèké tó ní oríkèé sórí igi tí òṣèré ń gbé sórí, wọn a so okùn mọ́ ọn, òṣèré á sì máa fa okùn náà kí ère lè máa mira bí ìlù bá ti ń dún. Bí ihò okùn bá fún jù, ère á há. Bó bá gbòòrò jù, á wọ́. Ẹni tó mọ èyí ṣe kò ní rí ilẹ̀kùn páálí bí àràmàǹdà. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ àjẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò àti ọba ní kékeré. Ó máa ń gbẹ́ agboòrùn àti irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀ kó tó fi wọ́n sí ère lọ́wọ́, tàdáwà dúdú, tàdáwà pupa àti pólíìṣì bàtà funfun ló sì fi ń kùn wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò pa run nítorí pé àwọn òyìnbó rà á, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ó wà ní British Museum títí di òní.

Kí wá ni ti Ìbàdàn tuntun? Agbo ilé àtijọ́ kò nílò àwòrán, áńbọ̀sìbọ́sí módẹ̀lì, ìyẹn ilé kékeré tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ilé gidi. Bí ìdílé bá ti ń pọ̀ ni wọ́n ń fi yàrá kún yàrá. Ojú baálé ni ògiri ti ń ga, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sọ̀rọ̀ kí amọ̀ tó gbẹ. Ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, òwò sì rọ́ lọ sí Dùgbẹ̀. Ní 1948 wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti London, ló sì ya àwọn ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà fún ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ Bódìjà. Cocoa House, alájà 26, parí ní 1965. Ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí irú àwọn ilé wọ̀nyí kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹni tó ń sanwó kò sì bá birikila dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí ni módẹ̀lì ti ń wúlò: ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ àwòrán kà rí ilé tí kò tíì sí. Wọ́n dá Pólì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1970, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé níbẹ̀ sì ń ṣe módẹ̀lì títí di òní. Páálí líle, abẹ, gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n pa láró kó lè jọ koríko ni ohun èlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti fún un ní máàkì, módẹ̀lì ti di ẹrù tó ń gba àyè nínú yàrá, ọ̀pọ̀ a sì bá ààtàn lọ.

Wọ́n á ní páálí ni, òjò àti ikán kò ní jẹ́ kó pẹ́. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kì í jẹrà, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Síbẹ̀ a tú ilé orí ká. Kì í ṣe ohun èlò ló ń pa iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tí a fi rán an ló ń tán. Ẹni tó ni orí kú, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ilé, akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì, kò tún sí ohun tí ilé kékeré ń bá wa ṣe. Ti eré yàtọ̀, nítorí pé eré kì í tán. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun lọ́sẹ̀ yìí fẹ́ gbẹ̀san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn tó ya á di títún ṣe, wọn á sì kọ́ ilé kejì tì í. Èyí ni mo fi rò pé bí àwọn ọ̀dọ́ Agbówó àti Ring Road bá gba iṣẹ́ yìí mọ́ra, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fún un ní ìdí láti pẹ́.

Irú ilé wo ni wọn ì bá kọ́? Ère ènìyàn nínú púpọ̀ nínú àwọn eré yìí máa ń ga tó nǹkan bí mìlímítà 28, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi nǹkan bí 56 pín ìwọ̀n ilé. Cocoa House, tó ga ní mítà 105, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, ó lè ga ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ilé ilẹ̀ kan ní Bódìjà tó fẹ̀ ní mítà 14 yóò di sẹ̀ǹtímítà 25, ó sì wọ orí tábìlì. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí irin kan máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣeé fi ọ̀rá líle àti abẹ́rẹ́ ṣe kó sì máa ṣí ní ti gidi. Àmọ́ àwọn ilé Bódìjà gan-an ń dín kù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàù wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀ ní Bódìjà Àtijọ́, ó sì gba ẹ̀mí. Àwọn ilé mìíràn ti di ṣọ́ọ̀bù láti ọdún pípẹ́. Fọ́tò lè fi iwájú ilé hàn wá, kò lè sọ bí ògiri ṣe nípọn tó tàbí bí ìlóro ṣe jìn tó. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ní kékeré ni yóò ní láti fi tépù wọ̀n wọ́n. Díẹ̀ nínú àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣì dúró tí wọ́n lè wọ̀n.