Ẹ̀kọ́ Orin ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama ní Ilẹ̀ Yorùbá: Bí Ó Ṣe Wọlé àti Ohun tí Ó Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ògiri

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í gbọ́ orin. Orin la fi ń ṣí ìpéjọ òwúrọ̀, orin la fi ń pàdé àlejò, orin náà la fi ń sin àwọn ọmọ tó ń jáde. Síbẹ̀, bí ìdánwò àṣekágbá bá dé, àwọn tó ń jókòó fún iṣẹ́ Orin kéré jọjọ sí àwọn tó ń jókòó fún lítíréṣọ̀ tàbí ẹ̀kọ́ nípa ìjọba. Àwọn kan ń sọ pé àìlówó ló fà á, àwọn mìíràn ń di ẹ̀bi ru òbí. Ní tèmi, ọ̀nà tí orin gbà wọ ilé ẹ̀kọ́ wa ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ìjọ ló mú un wọlé, ó fi onílù sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, nígbà tí ìjọ sì kúrò níbẹ̀, kò rí ẹni fẹ̀yìn tì.

CMS Grammar School tí T. B. Macaulay dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859 ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí ìjọ ń wá ló pinnu irú orin tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìjọ ń wá ẹni tí yóò kọ orin ìsìn, tí yóò sì lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Ìlànà dò-rè-mí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn míṣọ́nnárì gbé wá, nítorí ó rọrùn láti kà ju àmì orin orí ìlà márùn-ún lọ, ẹfun àti pátákó sì tó láti fi kọ́ ọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ bíi St. Andrew's tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, ẹni tí yóò di tíṣà gbọ́dọ̀ mọ orin í darí. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ní ìwé láti ọjọ́ Ajé ni yóò tún dá orin fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ètò náà so èso, ó bí àwọn olórin ńlá, ó sì yẹ ká fún un ní ìyìn rẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó kàwé ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọ̀gá olórin ní Kàtídírà Christ Church l'Ékòó ní 1914, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà títí di 1962. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, ọmọ CMS Grammar School àti King's College, ti rí ìpìlẹ̀. Ayo Bankole, ọmọ Baptist Academy, kọrin nínú kúáyà Kàtídírà kan náà; nígbà tí òun náà dàgbà, ó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ékòó jọ sínú ẹgbẹ́ akọrin tí ó pè ní Choir of Angels. Akin Euba náà jáde ní CMS Grammar School. Ṣùgbọ́n tí a bá wo ìtàn àwọn wọ̀nyí dáadáa, ìdí dùùrù ìjọ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára. Ọmọ tí kò sí nínú kúáyà, tàbí ọmọ Mùsùlùmí tó jókòó tì wọ́n ní kíláàsì, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Èdè wa ló kọ́kọ́ tú àléébù ètò yìí fó. Bí olùkọ́ bá mú ohùn orin Òyìnbó tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó fi ọ̀run sí i, ọrùn ni àwọn ọmọ yóò kọ. Ọmọ tó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń di etí sí èdè abínibí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ti fi orin tó bá ohùn Yorùbá mu fèsì. Phillips náà fi ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953, ṣàlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ ṣe ń tọ́ ohùn orin. Ó dùn mí pé títí di òní, olùkọ́ Yorùbá ń fi dò, re, mí kọ́ àmì ohùn ní kíláàsì kan, olùkọ́ orin sì ń fi dò, rè, mí kọ́ orin ní kíláàsì kejì, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ jókòó rí. Ọmọ tó bá lè fi etí ya ìgbà, igbá, igba àti ìgbá sọ́tọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀kọ́ orin. Iṣẹ́ tí olùkọ́ orin fẹ́ ṣe ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé.

Lẹ́yìn ògiri, ní ilé àwọn ọmọ Àyàn tí í ṣe ìdílé onílù, kò sí agogo kíláàsì, ṣùgbọ́n ètò ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé ìlù kékeré fún un, irú bíi kànnàǹgó tàbí omele, kó máa lu ohun kan náà láìyẹsẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ń fi ìyáàlù sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó máa gbé ìyáàlù fún ẹni tí kò mọ oríkì ìdílé, tí kò gbọ́ òwe, tí kò sì mọ ìtàn ìlú, nítorí kí ni yóò fi ìlù sọ? Ẹ̀kọ́ etí, ẹ̀kọ́ ìwọ̀n àkókò, lítíréṣọ̀ àti ìtàn ni ọmọ yẹn ń kọ́ pọ̀. Gbangba ni ìdánwò rẹ̀: níbi ìsọmọlórúkọ, níwájú ọba, níbi tí ẹni tí a ń lù fún yóò ti mọ̀ bóyá oríkì òun ni ìlù pè. Akin Euba kọ odindi ìwé lórí ìmọ̀ yìí, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, ní 1990.

Kí ló wá dé tí ìmọ̀ tó jinlẹ̀ tó báyìí kò fi rí ọ̀nà wọ kíláàsì? Àwọn míṣọ́nnárì so ìlù mọ́ òrìṣà. Àwọn òbí so ó mọ́ iṣẹ́ alágbe. Ìdí àkọ́kọ́ ti wó lulẹ̀, nítorí gángan àti ìyáàlù ń dún ní ọjọ́ ìdúpẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ìdí kejì ló kù, ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló sì lè wó o.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lórí ìjọba kò pọ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ní 1979 sì ni ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso. Ohun ńlá ni, nítorí ọmọ tálákà wọlé. Ṣùgbọ́n dùùrù bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, kíláàsì kún àkúnya, olùkọ́ orin kò tó nǹkan. Ní 2008, ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ da orin, eré oníṣe, ijó àti ọnà yíyà pọ̀ sí iṣẹ́ kan ṣoṣo, Cultural and Creative Arts. Bí ó bá jẹ́ ọnà ni olùkọ́ náà kọ́ níṣẹ́, orin á di ohun tí a ń dà kọ sínú ìwé. Àwọn ọmọ á ya bọ́tìnnì dùùrù sórí bébà, wọn ò ní fọwọ́ kan dùùrù títí wọn yóò fi jáde.

Ètò ẹ̀kọ́ WAEC fún àwọn kíláàsì àgbà dára lójú ìwé: orin Áfíríkà wà nínú rẹ̀, ti Yúróòpù náà wà. Àmọ́ ọmọ lè kọ àlàyé tó gún régé nípa ìyáàlù láì gbé e kọ́ èjìká rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti mú ìlànà ìdánwò wa wá, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì GCSE ti Orin jẹ́ ti lílù tàbí kíkọ, 30 jẹ́ ti orin tí ọmọ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, 40 ni ti gbígbọ́ àti àlàyé. Ní Hàfánà ní Kúbà, bàtá tí àwọn baba ńlá wa gbé sọdá òkun wà lára ohun tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìlù ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà ti ìjọba.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ní ká dúró de owó dùùrù. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ orin jọ kọ́ àmì ohùn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn gba ọ̀gá onílù sí ilé ẹ̀kọ́ girama fún ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n má ṣe bi í léèrè ìwé ẹ̀rí NCE, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń san ti olùkọ́.