Èédú Udi àti Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Gba Òṣogbo Kọjá

Èédú ni Yorùbá ń pe èyí tí a sun lára igi, èédú náà ni à ń pe èyí tí a wà jáde láti inú ilẹ̀. Èkejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ló ń fa ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Nígbà náà, láti Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Èkó.

Ní 1909 ni àwọn tí Albert Kitson ṣáájú, tí ìjọba rán láti wá àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, rí èédú ní òkè Udi, ní ilẹ̀ Ìgbò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ogbete ní 1915. Ìwakùsà yìí ló bí ìlú Enugu. (Orúkọ náà túmọ̀ sí orí òkè, àwa tí a ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Nítorí èédú náà ni a ṣe la ojú irin lọ sí Port Harcourt, tí èédú àkọ́kọ́ sì dé etí òkun ní 1916. Ojú irin ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn kò tíì so pọ̀ nígbà náà, nítorí náà ọkọ̀ òkun ló ń gbé èédú Udi wá sí Èkó, kí ó tó gòkè dé ọ̀dọ̀ wa.

Agbára apá ni wọ́n fi ń wa á, pẹ̀lú dígà, nínú òkùnkùn. Ní 1949, àwọn awakùsà ní Iva béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n ní a jẹ wọ́n. Wọ́n wá ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ìjọba rán ọlọ́pàá láti kó ohun ìbúgbàù kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìbọn dún, ènìyàn 21 sì kú. Àwọn tó kú kò gbé ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ikú wọn mú kí àwọn olóṣèlú tó ń bá ara wọn jà jókòó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kan, tí Dókítà Akinọlá Májà, ọmọ Yorùbá, ṣe alága rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, èédú tí wọ́n ń wà lọ́dún lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n a ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, ẹ̀ńjìnnì oní-dísù sì ń wọlé. Rélùwéè ló ń ra èédú jù lọ. Bí ó ti ń yí padà ni ọjà èédú ń kú. Ogun 1967 sí 1970 ti àwọn kòtò náà pa. Wọ́n tún ṣí wọn lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò padà sí bó ti wà. Ní ojú irin tiwa, ẹni tí ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ọkọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti ìgbà náà.