Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó Àtijọ́

Nígbà tí Ìfọ́lé ọdún 1867 lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta, ilé tí ìjọ C.M.S. fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ ṣí wá sí Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà kí ó tó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1896. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 ni ọ̀gá tòótọ́ fún olùkọ́: bí ọmọ bá ti ka Gẹ̀ẹ́sì tó níwájú alábẹ̀wò ni owó ìrànwọ́ ìjọba ṣe ń pọ̀ tó. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ńkọ́? Kò yani lẹ́nu bí olùkọ́ bá sá di àkọ́sórí. Ní 1889 ni Henry Carr, ọmọ Èkó, di igbákejì alábẹ̀wò. Ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò wá di ẹni tí ó ti ṣe é rí.