Ẹ̀rí Ṣọ́ọ̀ṣì àti Ẹ̀rí Sáyẹ́ǹsì

Bí ibà bá mú akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀fà níbí, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ẹlòmíì á ní kó gbàdúrà, kó má lo oògùn. Àríyànjiyàn yìí ti wà ká tó dáyé.

Lọ́dún 1841, àwọn òyìnbó gba odò Ọya wọ ilẹ̀ wa. Samuel Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Àwọn òyìnbó náà lé ní 140. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú wọn. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tún gba odò náà. Crowther, tó ti di àlùfáà, tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà William Baikie ní kí àwọn òyìnbó máa lo quinine lójoojúmọ́ kí ibà tó mú wọn. Ìkankan wọn ò kú. Bẹ́ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa wàhálà náà. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí àrídájú rẹ̀. Kíkà ni wọ́n ka òkú àti alààyè, tí wọ́n sì fi ìrìn àjò méjèèjì wéra.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú dé. Kò síbì kan láyé tí wọ́n ti ní oògùn rẹ̀ nígbà náà, nítorí náà àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde gbára lé àdúrà nìkan. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nígbà tó yá, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní gúúsù Kwara wa yìí, mú ìsọjí ńlá wá sí Iléṣà ní 1930. Ṣùgbọ́n àwọn mísọ́nnárì Apostolic Church tó wá bá wọn láti Bìrìtéènì ń lo quinine. Ìyẹn wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀, tí wọ́n fi pínyà, tí CAC fi dá dúró.

Ọ̀rọ̀ kan náà, "ẹ̀rí", la ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní yàrá àyẹ̀wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó yè ló ń dìde jẹ́rìí, ó sì yẹ kó dúpẹ́. Òkú kì í jẹ́rìí. Ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ka òkú mọ́ ọn. Tá a bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó. Tá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, èkejì la nílò.

Crowther wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Kíkà tí wọ́n ka òkú àti alààyè kò ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́.